Ibi Tí Ruqoyah Ti Ń Mí

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Sàngó lọ́jọ́ tí Ìsmáílà kọ́kọ́ rí Ruqoyah. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé, ó fi ọwọ́ kan mú bàtà tó ti di ẹrẹ̀, ó fi èkejì gbá ọ̀rá kan mọ́ àyà. Ìbòrí rẹ̀ rin gbindin, ṣùgbọ́n ìwé inú ọ̀rá náà gbẹ. Gbogbo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dúdú fún tàdáà tó fi ń kọ̀wé.

"Ẹ káàsán sà. Bàbá mi ní kí n kó ìwé yìí wá."

"Wọlé, jàre. Má wulẹ̀ bọ́ bàtà, ilẹ̀ wa náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ bí tiyín ṣe rí o, àmọ́ ẹ̀rín yẹn tó Ìsmáílà.

Ìwé àdúrà ni Ààfáà Mùsílíù, bàbá Ruqoyah, kọ ní Ọ̀tà: Lárúbáwá lókè, Yorùbá nísàlẹ̀. Ìsmáílà tó wá láti Ìkirè ló ń fi kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀ nílé ìtẹ̀wé. Òyìnbó nìkan ni ẹ̀rọ náà gbọ́ nígbà tí wọ́n rà á. Bírò ni wọ́n fi ń sàmì sí Yorùbá, títí tó fi sú Ìsmáílà, tó jókòó ya àwọn lẹ́tà Yorùbá sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣọlá, ní tó bá lè kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá, kó kọ́ ọ ní Lárúbáwá náà. Ìsmáílà ní kò sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ kò lè ka Lárúbáwá rárá. Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló ti fi etí kọ́ ìrun.

Ruqoyah wá ń kọ àwọn lẹ́tà náà gàdàgbà fún un kó lè wò ó yà. Tí Ìsmáílà bá bi í pé kí ni wọ́n ń pe eléyìí, Ruqoyah á rò pé ó ń fi òun ṣeré ni.

"Bọ̀dá Ìsmáílà, lẹ́tà yín yìí mà sanra. Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ẹ̀bà ni. Kí la tún ń rí jẹ nígbà ọ̀wọ́n Sáàpù yìí? Jọ̀ọ́, kí ni oríkì rẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Èmi kì í ṣe gbogbo èèyàn."

Wọ́n ti di olólùfẹ́ nìyẹn. Ìsmáílà rán àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ààfáà láti tọrọ Ruqoyah, Ààfáà sì ní kí ìwé kọ́kọ́ jáde ná.

Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ Lárúbáwá, àmọ́ apá òsì nìkan ni ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìsmáílà wá ń tẹ ìlà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan láti ìdí rẹ̀, kí orí rẹ̀ lè bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bébà tún gbówó lórí, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣọlá sì ní kí wọ́n dín ìbú ojú ìwé kù. Ìsmáílà dín in, ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ ti èyí tí kò gbà lápá ọ̀tún sí ìlà ìsàlẹ̀. Ìsmáílà wò ó, ó rí i pé àwọn lẹ́tà rẹ̀ ń dán. Ó gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò náà lọ sí Ọ̀tà fúnra rẹ̀, tayọ̀tayọ̀.

Ààfáà wò ó pẹ́.

"Bísímílláhì ti bọ́ sísàlẹ̀. O gbé orí àdúrà sí ẹsẹ̀. Ìsmáílà, o ò rí i ni?"

Ìsmáílà dọ̀bálẹ̀. "Mi ò lè kà á, sà."

Nínú yàrá, Ruqoyah gbọ́.

"Ìwé ò dùn mí, ìwé ṣeé tún ṣe," ni Ààfáà wí. "Ọmọ mi ni mò ń rò. Fàlílù tó ń ta irin ní Ìjòkó ti ránṣẹ́ sí mi nítorí rẹ̀, òun mọ̀wé kéú. Ọjọ́ tí o bá ka ojú ìwé kan tán létí mi la ó sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Nígbà tí Ruqoyah dé ilé ìtẹ̀wé, kò kí i.

"Ẹ parọ́ fún mi."

"Mi ò parọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ojú ló tì mí."

Inú bí Ruqoyah, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ sún àga yín mọ́bí," ló wí níkẹyìn.

Ó ń ka àdúrà sókè, jẹ́jẹ́. Níbi tó bá ti mí, Ìsmáílà á gé ìlà síbẹ̀, á há a mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ má lè tì í mọ́. Bí wọ́n ṣe to ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá parí, Ìsmáílà á wọkọ̀ lọ sí ilé kéú Ààfáà, á jókòó pẹ̀lú wàláà láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ́ ọ.

Nígbà tí ìwé jáde, ó gbé e lọ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó jókòó sórí ẹní, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń ṣì í, ó ń padà. Tó bá dé ìparí ìlà, á mí díẹ̀, á tún tẹ̀ síwájú. Ààfáà tó ti dijú la ojú.

"Dúró ná. Ta ló ní kí o máa mí níbẹ̀? Èmi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Ibi tí Ruqoyah ti ń mí ni, sà. Ibẹ̀ la ti gé gbogbo ìlà."

Ààfáà gba ìwé náà. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ń kà á sínú. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní kéú láti kékeré, ó mọ èémí rẹ̀. Ó dá ìwé padà fún Ìsmáílà.

"Kà á tán."

Ìsmáílà kà á tán.

"Ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ ní Ìkirè kí wọ́n wá, ká dá ọjọ́ yìgì," ni Ààfáà wí. Ó wá kọjú sí yàrá. "Àbẹ̀kẹ́, bu omi wá fún ọkọ rẹ."

Ruqoyah sáré gbé omi náà bọ̀, ìdajì rẹ̀ ti dà sórí ẹní kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìsmáílà. Ìsmáílà mu èyí tó kù.