Oríkì Tí Ẹ̀jẹ̀ Jael Ń Gbọ́

Ẹ̀jẹ̀ Jael ni Láyíwọlá kọ́kọ́ rí kó tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ìdí etí ló ti fi abẹ́rẹ́ gún un, ní pápá ìsáré kan ní Surulere, níbi tó ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré wò. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé omijé wà lójú ọmọbìnrin náà.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

"Abẹ́rẹ́ yìí? Ẹ̀fọn Mushin ń gún mi jù báyìí lọ."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀, kò sì padà mọ́.

Àbájáde ẹ̀jẹ̀ náà kò dára. Ìsáré pẹ̀lẹ́ lásán ni Jael sá, ṣùgbọ́n lákítéètì, èròjà tí iṣan máa ń tú jáde bó bá ṣiṣẹ́ àṣekára, ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹni tó sá àsápajúdé. Kóòṣì ní ọ̀lẹ ni, pé tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní àyẹ̀wò tó kàn, òun á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ sárésáré.

Ọ̀lẹ kọ́. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á máa lé iṣan kó jó ṣúgà rẹ̀ kíákíá, lákítéètì á sì pọ̀ ju iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ṣe lọ. Ta ló wá ń dẹ́rù bà á? Láyíwọlá fara balẹ̀ ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìyá Jael bá wá dúró létí pápá, tó ń kì í ní Àṣàkẹ́, ọjọ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń dàrú.

Láyíwọlá dẹnu ìfẹ́ kọ Jael, ọmọbìnrin náà ní kó ní sùúrù. Ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ bọ̀ọ̀lì ní Yaba ni Jael tó sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. "Bí màámi ṣe ń ki ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn tó fi ṣubú lórí pápá. Kò dìde mọ́. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn wọn, òkú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rí."

"Sọ fún wọn."

"Láyí, kí n sọ fún ìyá mi pé oríkì wọn ń pa mí lára? Mi ò lè sọ ọ́."

Mo bi yín, ta ni yóò fi ẹnu rẹ̀ gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ìfẹ́ ló ti Láyíwọlá dé ilé ìyá náà ní Otto. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́.

Ìyá dìde lórí àga. "Èmi ni mo pa ọmọ mi nìyẹn?"

"Rárá, Mà. Ẹ̀rù ló..."

"Jáde nílé mi."

Jael náà bínú, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, etí pápá ṣófo. Bí Láyíwọlá ṣe ń gún etí Jael, ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Màámi ní àwọn ò ní wọlé. Má bínú sí mi, Láyí. Tó o bá ṣì fẹ́ mi, mo gbà."

Lákítéètì ti wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Láyíwọlá sáré jáde, ó bá ìyá náà lẹ́nu géètì.

"Ó dáa?"

"Ó dáa gan-an, Mà."

"Ẹnu mi ni, àbí?"

Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Dìde. Láti òní, ìwọ ni kó o máa dúró níbi tí mo ti ń dúró. Tó bá ṣubú, kó o tètè gbé e."

"Màá gbé e, Mà."

Ìyá nu ojú rẹ̀, ó kọjá sí títì. Láyíwọlá wọlé, ó lọ dúró síbẹ̀.