Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Moríyọ̀

Ọkùnrin náà ń yí igi kòkó kan po bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Yóò tẹ̀ síwájú díẹ̀, yóò na fóònù rẹ̀ sí èso kan, yóò ya á, yóò tún sún. Oòrùn àárọ̀ ìlú Bọ́lọ́rundúró ń gba àárín ewé bọ́ sí i lórí, ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì ti kún fún eruku, ṣùgbọ́n kò rí ẹlòmíràn láyé àfi èso kòkó yẹn.

Moríyọ̀ gbé agbọ̀n tó fẹ́ fi kó kòkó bàbá rẹ̀ dání, ó ń wò ó. Nígbà tí ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé gbígbẹ láti ya ìdí èso náà, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi í ṣaya ni?"

Ọkùnrin náà fò dìde. "Ẹ má bínú o. Bàbá olóko ló ní kí n máa yà á. Adélaní lorúkọ mi. Fásitì kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti wá."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn, kí ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún kòkó?"

"Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn," ó dáhùn, ó ń gbọn ewé kúrò láyà.

"Èyí tún wá burú jù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣàlàyé pé tí òun bá ti ya nǹkan yíká, kọ̀ǹpútà òun á ta àwọ̀n bò ó, àwọ̀n onígun mẹ́ta kéékèèké tí kò lóǹkà, títí nǹkan náà yóò fi dúró lójú ẹ̀rọ bó ṣe dúró gan-an. Èèyàn á lè yí i síwá sẹ́yìn, á sì wo gbogbo ìhà rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Kòkó ló fi ń dánra wò. Eegun ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn dókítà a máa gbé àwòrán inú ara aláìsàn fún un, òun á sì sọ ọ́ di eegun tí wọ́n lè yẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ fẹ́ ìbòrí Moríyọ̀ sẹ́yìn. Kíá ló fà á bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, ṣùgbọ́n Adélaní ti rí i. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú?"

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ṣé eyín ẹ̀yìn ti ń mì?"

Moríyọ̀ kọjú agbọ̀n sílé. Láti bí ọdún kan ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo apá ibẹ̀. Nílé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Oǹdó pàápàá, ìhà ọ̀tún ló máa ń kọ sí wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn tẹ̀ lé e délé, nítorí pé òótọ́ ni, eyín náà ń mì, kò sì tíì sọ fún ẹnì kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba nọ́ńbà ọkùnrin náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́.

Adélaní mú un lọ bá Dókítà Akínlolú, oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó ní kí wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ láì fi nǹkan pamọ́. Kókó kan ló hù síbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń tàn ká gbogbo ara. Ṣùgbọ́n yóò máa jẹ eegun àgbọ̀n lọ ni. Wọ́n ní láti gé gbogbo ibi tó ti jẹ, kí wọ́n fi irin sí i dípò. "Bí ó bá ṣẹ́ kù bí orí abẹ́rẹ́," dókítà wí, "yóò tún hù."

Àtìgbà náà, gbogbo ìgbà tí Moríyọ̀ bá wá sílé ìwòsàn, Adélaní ló máa ń sìn ín dé gáréèjì. Wọn kì í yára rìn. Mọ́ínmọ́ín ló máa ń rà fún un, kì í ra àgbàdo sísun láé. Ó mọ̀ pé ohun líle ń dùn ún lẹ́nu, kò sì sọ ọ́ rí. Moríyọ̀ ṣàkíyèsí. Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju ohunkóhun tí ọkùnrin ti sọ fún un rí lọ.

"Kí lẹ̀ ń wò lójú mi bẹ́ẹ̀?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Ibi tí kò dára ni mò ń wá. N kò rí i."

"Òpùrọ́ ni ọ́!"

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Adélaní ń rẹ́rìn-ín títí ó fi délé.

Nígbà tí dókítà wá gbé àwòrán eegun Moríyọ̀ fún un pé kó ṣiṣẹ́ lé e, ó yẹ kó kọ̀. Kò kọ̀. Ta ni yóò fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́?

Gbogbo ibi tí wọ́n ti mọ Adélaní, ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ni pé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀. Àwọ̀n tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń rí págunpàgun, ẹ̀bi ẹ̀rọ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pa fún kọ̀ǹpútà, tí yóò fa ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan sún mọ́ àwọn tó yí i ká, kí gbogbo rẹ̀ lè tẹ́jú. Díẹ̀ ló yẹ kéèyàn lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àìsàn ti jẹ eegun Moríyọ̀ dà bí ewé tí kòkòrò gé létí. Adélaní kò lè wò ó. Ó pa àṣẹ náà, ó tún pa á, ó tún pa á, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ pa ọmọ lórí. Nígbà tó fi máa sinmi, eegun náà ti rẹwà. Ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fi ike tẹ̀ ẹ́ jáde, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin lé e lórí kó lè bá ẹnu Moríyọ̀ mu.

Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni Ìbídàpọ̀, obìnrin tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì kan náà, gbé iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó ti ilé ìwòsàn wá.

"Adélaní, wá wo nǹkan. Níhìn-ín, àìsàn yìí rìn dé iwájú. Nínú tìrẹ, ó ti fà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gé e níbi tí iṣẹ́ rẹ fi hàn yìí, àìsàn ṣì máa ṣẹ́ kù síbẹ̀."

Adélaní fò dìde. Kò dúró ti ilẹ̀kùn. Lórí ọ̀kadà, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ lábẹ́ ẹnu: kí n bá dókítà níbẹ̀, kí n bá dókítà níbẹ̀.

Dókítà dá iṣẹ́ abẹ náà dúró, kò sì wo ojú rẹ̀. Bàbá Moríyọ̀, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìwọ tí o ní o fẹ́ràn ọmọ mi, ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n fi àìsàn sílẹ̀ sí i lẹ́nu."

"Bàbá, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Má wá sí ilé mi l'Óǹdó mọ́."

Moríyọ̀ kàn yí ojú rẹ̀, ó kọ ìhà ọ̀tún sí Adélaní bí ó ṣe máa ń ṣe sí àlejò. Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà jù.

Adélaní pè é lórí fóònù, Moríyọ̀ kò gbé e. Ó gbé iṣẹ́ náà fún Ìbídàpọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí, Moríyọ̀ ló wọlé, kò fi ìbòrí bo nǹkan kan.

"Fi hàn mí."

"Kí ni?"

"Èmi. Bí mo ṣe rí kí o tó tún mi ṣe."

Adélaní ṣí i. Eegun náà dúró lójú ẹ̀rọ, págunpàgun, ihò níbí, ihò lọ́hùn-ún. Moríyọ̀ wò ó pẹ́.

"Kò mà dára o," ó wí jẹ́ẹ́. "Kí ló dé tí o fi bò ó?"

"Mi ò lè wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, Moríyọ̀."

"Ṣé èmi ni ẹ̀rù kò bà? Bóo bá fẹ́ mi, wò ó. Fi gbogbo ibi tó bàjẹ́ sílẹ̀ kí dókítà rí i. Ìwọ ni kó ṣe é."

"Ìbídàpọ̀ ti—"

"Kí Ìbídàpọ̀ jókòó tì ọ́, kó máa gbá ọ lọ́wọ́."

"Màá gbá a dáadáa," Ìbídàpọ̀ wí láti ìdí tábìlì rẹ̀.

Adélaní tún un ṣe, ó ń wo ibi tí kò fẹ́ wò, Ìbídàpọ̀ sì ń yẹ gbogbo etí rẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Adélaní àti bàbá Moríyọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àyè ẹni mẹ́ta wà láàárín wọn. Oòrùn kúrò lára ògiri, ilẹ̀kùn kò ṣí. Gbogbo ìgbà tí bàtà nọ́ọ̀sì bá dún, àwọn méjèèjì á jọ gbé orí sókè. Bàbá mú búrẹ́dì jáde nínú ọ̀rá, ó bù ú sí méjì, ó na ìdajì sí i. Adélaní fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Dókítà Akínlolú jáde pẹ̀lú òógùn lójú. "Irin náà wọlé bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Etí eegun mọ́ níwájú, ó mọ́ lẹ́yìn." Bàbá bo ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọlé tọ Moríyọ̀ lọ, ojú rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀ sápá kan. Dókítà ní bóyá ni yóò padà tọ́ tán. Adélaní wò ó láì mú ojú kúrò, ó wá kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà.

"Bàbá, níwájú yín ni mo fẹ́ bi í. Moríyọ̀, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ o," bàbá wí.

"N óò dúró, sà."

Moríyọ̀ na ọwọ́, ó mú ọwọ́ Adélaní, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, sórí báńdéèjì. Ọkùnrin náà ń bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́. Moríyọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Omi dà lójú rẹ̀, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá tẹ̀ síwájú. "Bẹ́ẹ̀ ni kí ni? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni, àbí o máa fẹ́ ẹ?"

Moríyọ̀ ṣí ẹnu díẹ̀. Ohùn náà lọ́ra, kò sì já gaara.

"Méjèèjì."