Iyùn Ọrùn Yèyé Olódi

Ẹja ẹlẹ́rìí kì í jẹ, kì í mu, kì í sì í purọ́. Irin àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ó gùn tó apá géńdé, kámẹ́rà sì ni ojú rẹ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá ti jù ú sómi, á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri fún ọdún kan gbáko, á máa ya ohun gbogbo tó bá rí, òun fúnra rẹ̀ á sì so àwòrán náà pọ̀ di fíìmù. Ayé ti fi fíìmù ayédèrú tan ara wọn jẹ títí, tó fi di pé èèyàn kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹja yìí, tí wọ́n sì fi òfin dè é: ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo fíìmù rẹ̀. Ẹni tó ni ẹja gan-an kò gbọdọ̀ yọjú wò ó ṣáájú.

Òfin tó dáa ni. Àbí kò dáa? Ẹ bi Fadérera.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fadérera Olúmakin ló gbin odi iyùn síwájú Ẹnu-Ọ̀sà, ìlú etíkun tí òkun ti jẹ ìdajì rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iyùn mọ ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó nìkan, ẹ gbọ́ o: ohun ẹlẹ́mìí ni. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti ń hù, tí á máa gun orí ara rẹ̀ títí á fi di òkè. Ooru ti pa iyùn àtijọ́ láti ayé àwọn ìyá ìyá wa. Fadérera ló jókòó sí yàrá ìwádìí, tó ṣẹ̀dá òmíràn tí ooru kò rí gbé ṣe. Funfun ni gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó pupa fòò láàárín, èyí tó sọ ní ìyá iyùn. Ìyá yìí ló ń mọ̀ bí òkun bá ń kún. Ara rẹ̀ á gbóná, á ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ yí ká, àwọn náà á sì máa ga sí i kí omi má baà borí wọn. Láti ọjọ́ tí odi yìí ti dúró, òkun kò gba ilé kankan mọ́ ní Ẹnu-Ọ̀sà.

Ìlú kò mọ bí wọn yóò ṣe dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò fi í joyè Yèyé Olódi. Oyè sì rèé, a kì í fi ọrùn òfìfo jẹ ẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà ló kún ọjà nígbà náà. Ta ni yóò so rọ́bà mọ́ ẹni tó gba ìlú là lọ́rùn? Bàbá Omítóògùn, olórí àwọn amòòkùn ìlú, ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Nígbà tí ọjọ́ oyè pé, iyùn gidi ni Bàbá so mọ́ Fadérera lọ́rùn. Ó pupa, ó ń dán, àwọn obìnrin pariwo. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ oyè nìkan ló lè tú u. Tòun tìlẹ̀kẹ̀ ni olóyè ń wẹ̀, tòun tìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń sùn.

Fadérera rọra bi í létí pé, "Bàbá, níbo lẹ ti rí iyùn gidi láyé tá a wà yìí?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Yèyé, ṣé ẹ̀bùn là ń bi pé ta ni bàbá ẹ̀?"

Fadérera náà rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè mọ́.

Ṣáájú oyè yìí ni Fadérera ti ju ẹja ẹlẹ́rìí kan sábẹ́ odi. Nígbà tó parí ọdún rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Ìpàtẹ Àwọn Amòòkùn. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, torí Èkó ti di ibi tí à ń mòòkùn wọ̀. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn kan ń ta ẹ̀wù-èémí, aṣọ tó ń fa èémí jáde látinú omi bíi ti ẹja. Àwọn kan ti wọ̀ ọ́ tán, wọ́n ki orí bọ inú àgbá omi, wọ́n ń juwọ́ sáwọn ìyàwó wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ló gbé ará Ẹnu-Ọ̀sà wá. Ìgbìmọ̀ Etíkun ti pinnu pé àwọn yóò kó wọn kúrò nílé baba wọn lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, àfi bí fíìmù bá fi hàn pé odi ṣì ń ga. Bó bá ń ga, ìlú dúró. Bí kò bá ga, kí oníkálukú lọ di ẹrù.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ha! Ó dùn ún wò. Odi funfun náà gba gbogbo ara ògiri gbọ̀ngàn, ẹja wẹẹrẹ ń jáde nínú ihò rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ìyá iyùn pupa láàárín. Alága ìgbìmọ̀ pàápàá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

Àwọn amòòkùn kan wá yọ lójú àwòrán. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù-èémí, àfi ẹni tó ṣáájú, tó jẹ́ pé èémí inú ara rẹ̀ ló fi wá. Ará Ẹnu-Ọ̀sà dá a mọ̀ kíá. "Bàbá wa nìyẹn!" Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Bàbá Omítóògùn tó jókòó síwájú sì ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn. Nínú fíìmù, ó fọwọ́ kan iyùn funfun, ó fi í sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan òmíràn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá rí èyí tó pupa. Ó kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún òkun gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, lẹ́yìn náà ló yọ irin, ó sì gé e ní ìdí.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Fadérera nìkan ni kò pa á.

Ẹja ẹlẹ́rìí kò dákẹ́ ní tiẹ̀. Ó fi hàn bí òkun ṣe ń kún tí odi kò mira. Ó fi hàn bí ẹja ṣe ń kó lọ, bí ìdí odi ṣe ń jẹrà, tí òkè rẹ̀ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń rí ṣì dúró bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni wọ́n gé yẹn?" alága béèrè.

"Ìyá iyùn ni."

Bàbá Omítóògùn dìde. "Ìyá wo? Pupa kan ṣoṣo la mú, funfun kún ibẹ̀ bí iyanrìn!"

"Òun ló ń sọ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n dàgbà, Bàbá."

"Ta ló sọ fún wa?" Ohùn Bàbá le. "Àwa là ń wà ọ́ lọ sórí omi, àwa là ń gbé ẹrù ẹ. O ní odi ni. Kò sọ́jọ́ kan tó o sọ pé odi ní ìyá!"

"Mo fi pa mọ́ ni, kí àwọn onímọ̀ ìlú mìíràn má baà jí iṣẹ́ mi."

"Ṣé àwa wá ni onímọ̀ ìlú mìíràn?"

Fadérera kàn fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ìbínú Bàbá náà sì rọlẹ̀ lójijì, ojú wá ń tì í. "Èyí tó dára jù la wá fún ọ," ó ní. "Èyí tó dára jù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀. Àwọn èèyàn ké "Èèwọ̀!" Fadérera sáré dì í mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ tú u lọ́rùn mi ni."

Bàbá tú okùn náà. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. "Ó gbóná!"

"Òkun ló ń kún lọ́wọ́," ni Fadérera wí. "Kò tíì kú. Ó ṣì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀."

Bàbá kò lọ sí yunifásítì kankan, àmọ́ àgbàlagbà ni. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ìgbà wo ló ti ń gbóná báyìí?"

Fadérera lè purọ́. Kò sí ẹja ẹlẹ́rìí lọ́rùn rẹ̀ tí yóò tú àṣírí rẹ̀. "Láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ so ó mọ́ mi lọ́rùn ni."

"O mọ ohun tó jẹ́?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bó o bá sọ nígbà yẹn ńkọ́?"

"À bá dá a padà. Ì bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù báyìí." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò fẹ́ dójú tì yín níwájú ìlú ni, ẹ jọ̀ọ́."

Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n oyè náà dùn mọ́ ọn pẹ̀lú, ìyẹn ni kò sọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọn kò ní ikú ìlú yá ju ẹ̀sín ẹnì kan lọ.

Bàbá kò bú u. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí i lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé e, ó sì yíjú sáwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ di ẹrù."

Wọ́n dìde. Ibi tí Fadérera dúró sí ni wọn yóò gbà kọjá dé ẹnu ọ̀nà, olóyè sì ni, wọn kò gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá. "Yèyé Olódi, a ń lọ o." "Yèyé Olódi, ó dàbọ̀." Ìlẹ̀kẹ̀ náà ń gbóná sí i lọ́wọ́ rẹ̀, torí òkun kò tíì kún tán.