Iyọ̀ Inú Ìgò Gift

Igbe ta ní Ìpótì láàárọ̀ Ọjọ́rú: Gift, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ti kú. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é. Mojọlá, ìyá rẹ̀, po omi oníyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò bíà fún un, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. Dókítà ní iyọ̀ ló pa ọmọ, ni ọlọ́pàá bá ti Mojọlá mọ́lé ní Ìjerò.

Inspẹ́kítọ̀ Mùínàt kọ́kọ́ lọ bá ìyá ọkọ Mojọlá, Màmá Lydia, nídìí ààrò.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni màmá wí. "Mo gbọ́ ọ tó ń pariwo pé ọmọ yìí á pa òun. Ta lo tún ń wá?"

"Ta ní ń se ọbẹ̀ nílé yìí, mà?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n kò mọ ìwọ̀n uyọ̀ rí. Bí mi ò bá tọ́ ọ wò kí n fi kún un, kò ṣeé jẹ."

Mùínàt wo ṣíbí ọbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì tọrọ rẹ̀.

Nínú àtìmọ́lé, ohùn Mojọlá ti há. "Ṣíbí tíì uyọ̀ kan ni, madam. Mo fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́. Omi kún ìgò."

Lọ́jọ́ kejì, Mùínàt pe màmá wá sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Láàbù ní iyọ̀ inú omi tó ṣẹ́ kù jẹ́ ogójì gíráàmù nínú lítà kan. Bó ti wù kí ọmọ mu tó, ìyẹn kì í yí padà. Ìgò bíà gba ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lítà. Ogójì lọ́nà ìyẹn jẹ́ gíráàmù mẹ́rìnlélógún. Ṣíbí tíì Mojọlá kò gbà ju mẹ́fà lọ. Ó ku méjìdínlógún, màmá. Mo wọn ṣíbí yín. Méjìdínlógún ló gbà."

Màmá Lydia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo tọ́ omi náà wò. Ṣúgà nìkan ni mo mọ̀ lẹ́nu. Mo ní uyọ̀ rẹ̀ ò tó, mo bá bu ṣíbí kan kún un... Yéè, ọmọ mi!"

Àánú rẹ̀ ṣe Mùínàt, inú sì bí i. Ó ṣí ìlẹ̀kùn àtìmọ́lé. "Mojọlá, máa lọ sílé."

Mojọlá kò dìde. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo rí i tó gbé ìgò náà," ló wí. "Ìyá ọkọ mi ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í pé kí lẹ fi sí i?" Ó wo ìlẹ̀kùn. "Ulé ta ni kí n lọ?"

 Mùínàt fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò sì sẹ́ni tó gba ibẹ̀ jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.