Fọ́tò Tí Màámi Fà Ya

Mo ti fi Kùránì búra lórí ọ̀rọ̀ yìí lójú àwọn àgbà mọ́sálásí, n kò sì ní búra lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó ṣeun. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi Mùsílíù awakọ̀. Ó ṣì wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun. Èmi Safiyat, aṣọ ni mò ń tà ní Àgbádárìgì. Oníṣòwò aṣọ kì í lálàá ọ̀sán. Tó bá lálàá ọ̀sán, wọ́n á jí léèsì rẹ̀ gbé.

Àbúrò mi ni Nurat. Ọdún tí à ń múra láti fà á fọ́kọ, owó epo ti gbòde. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí títì márosẹ̀ tán, wọ́n sì fa ìlà funfun sí àárín rẹ̀. Bàbá wa ti Mẹ́kà dé, wọ́n ra kámẹ́rà bọ̀ fún Nurat. Sewanu onífọ́tò ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ Ègùn ni Sewanu, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ló máa ń tẹnu mọ́: kí o tó ya fọ́tò, wá ìlà ná. Etí gọ́tà ni o, ọgbà ni o, pákó èbúté ni o, ohunkóhun tó bá ti gùn lọ. Dúró síbi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, kó lè mú ojú ẹni tó ń wò ó lọ bá ohun tí o fẹ́ kó rí.

Nurat gba ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni gba ẹ̀sìn. Ó ní òun fẹ́ ṣe álíbọ́ọ̀mù tí òun máa gbé lọ sílé ọkọ ní Ọ̀tọ̀, lẹ́bàá Ìjànìkín, kí àárò ilé má baà pa òun. Kì í ṣe fọ́tò ìnáwó o. Nǹkan tí à ń rí lójoojúmọ́ ló ń yà. Ó ya gọ́tà tó ti ẹnu ọ̀nà wa lọ síta. Ó ya àwọn igi àgbọn tó tò sétí ọ̀sà. Ó ya pákó èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Tọpo. Ó ya ìlà funfun orí márosẹ̀. Ó ya ọgbà mọ́sálásí àdúgbò wa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ya ẹnu ọ̀nà ilé wa, Màámi jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.

Ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí àwọn fọ́tò náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n yí ojú ewé méjì tó dojú kọra po. Ibi tí ìlà ọ̀kan parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà wọ inú igi àgbọn. Igi àgbọn wọ pákó, pákó wọ ìlà funfun, ìlà funfun wọ ọgbà, ọgbà sì mú ọ wá bá Màámi lẹ́nu ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà, gọ́tà tún gbà ọ́.

Màámi wò ó. "Ìyàwó kì í gbé ọ̀nà àbọ̀ dání."

Nurat rẹ́rìn-ín. "Màámi, ilé làbọ̀ sinmi oko."

Sewanu náà wò ó títí. "Ó dáa," ló wí. "Ojú mi wọlé, kò sì fẹ́ jáde mọ́."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A rò pé ó yìn ín ni.

Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Mùsílíù gbé Pìjó rẹ̀ wá. Èmi àti Nurat jókòó sẹ́yìn. Àbúrò bàbá wa, Àǹtí Fàúsá, jókòó síwájú. Ní Ọ̀tọ̀, àwọn obìnrin ilé ọkọ ti gbé omi kalẹ̀ tí wọ́n máa fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó, ó sì yẹ ká débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wa la mọ èèwọ̀ rẹ̀: ìyàwó tí a bá ti sìn jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ìgbéyàwó náà bàjẹ́ nìyẹn.

A gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà. A kọjá igi àgbọn, a kọjá èbúté, a bọ́ sí márosẹ̀. Àǹtí Fàúsá ń rojọ́ ẹran tí kò kárí. Èmi ń wo ìlà funfun tó ń sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Lójijì, bíi pé wọ́n pa rédíò. N kò gbọ́ atẹ́gùn. N kò gbọ́ táyà. Ọkọ̀ kankan kò bọ̀ níwájú, kò sì sí ọ̀kan lẹ́yìn. Àǹtí Fàúsá pàápàá dákẹ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀.

Mo gbójú sókè. Ọgbà mọ́sálásí ni mo rí. Mọ́sálásí àdúgbò wa.

Mùsílíù kò yà síbì kankan, mo lè jẹ́rìí sí i. Ọkọ̀ dúró níwájú ilé wa.

Màámi dìde lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ gbàgbé?"

Nurat na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Má sọ̀ kalẹ̀," ni Màámi wí.

Mùsílíù fi ẹ̀rín bò ó. "Ọ̀nà kan ò wọjà." Ó gba àárín ìlú, ọ̀nà tí kò dé ọ̀sà rárá. Kò pẹ́, igi àgbọn ni. Èbúté. Ìlà funfun. Ìdákẹ́jẹ́ náà tún dé. Ọgbà. Ilé wa.

Àǹtí Fàúsá sọ̀ kalẹ̀. "Èmi ò lọ mọ́," ni wọ́n wí.

Nurat gbé álíbọ́ọ̀mù lé itan, ó ṣí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó."

Ó ń fi ìka tọ́ka: ìlà funfun, ọgbà, ẹnu ọ̀nà. Mo gba álíbọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo nà án sí Màámi láti ojú wíńdò.

"Ẹ bá wa mú un dání."

A lọ láìmú un. A tún padà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Wọ́n ti ń pe ìrun Màgàríbì. Inú ọkọ̀ gbóná, ó ń rùn bíi bẹntiróòlù. Nurat kò lè wọlé, kò sì lè lọ. Ó fi ìborùn bojú, ó ń sunkún láìpariwo. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo rò ó pé inú ọkọ̀ yìí la máa gbó sí.

Màámi gbé fìtílà wá sẹ́bàá wíńdò. Álíbọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ wọn kejì, ní ṣíṣí.

"Mo ti ń fi ìka tẹ̀lé e láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ," ni wọ́n wí. "Ìka mi ò ríbi gbà jáde."

Wọ́n ki èékánná bọ abẹ́ fọ́tò ẹnu ọ̀nà. Gọ́ọ̀mù náà ti gan.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀," ni Nurat wí.

"Èmi rèé níbí."

Wọ́n fà á. Ó ya. Wọ́n já a wẹ́wẹ́, wọ́n dà á sínú gọ́tà, omi gbé e lọ.

"Mùsílíù, máa gbé e lọ."

Igi àgbọn. Èbúté. Ìlà funfun. Ìdákẹ́jẹ́. A tún rí ọgbà mọ́sálásí, mo di ọwọ́ Nurat mú. Níbi tí ọgbà náà parí sí, níbi tó yẹ kí ilé wa wà, títì nìkan ló wà níbẹ̀, tó dúdú, tó gùn lọ. N kò rí ilé wa. N kò rí ilé aládùúgbò wa kankan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ táyà. Mo gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ nínú irà. Iná Ọ̀tọ̀ yọ sí wa lókèèrè. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ ìyàwó, Abdulrauf ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, a jẹun. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Nígbà tó tó àsìkò kí ìyàwó wá kí ilé, Nurat di ẹrù ẹ̀bùn, ó wọ ọkọ̀. Ó rí ọgbà mọ́sálásí. Lẹ́yìn ọgbà, títì. Lẹ́yìn títì, Ọ̀tọ̀. Mo ní àwàdà ni. Mo lọ mú un fúnra mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé ọgbà náà. Ibẹ̀ ni mo ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí mo sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe yíjú, ilé wa rèé, Màámi rèé lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó gbé Nurat kò sí lójú títì mọ́.

Sewanu wá tún ẹnu ọ̀nà yà. Mo gbé e pẹ̀lú álíbọ́ọ̀mù lọ fún Nurat ní Ọ̀tọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ sí àyè tó ṣófo, ìlà náà sì ṣe wẹ́kú. Kò ṣiṣẹ́. Níkẹyìn ó dáná sun álíbọ́ọ̀mù náà. Ìyẹn náà kò tú nǹkan kan.

Màámi ló wá ń lọ kí i. Tiwọn kò ní ìdènà. Wọ́n lọ wẹ gbogbo ọmọ tí Nurat bí, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, títí owó epo fi gbẹ, tí bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ di ohun wíwá. Nígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Màámi dùbúlẹ̀. Dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ gbé wọn rìn. Wọn kò béèrè oúnjẹ, wọn kò béèrè oògùn. Nurat nìkan ni wọ́n ń béèrè.

A ránṣẹ́. Mùsílíù lọ gbé e láàárọ̀.

Ní ọ̀sán, mo gbọ́ fèrè mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mọ́sálásí. Mo mọ fèrè náà, ti Pìjó Mùsílíù ni, ohùn rẹ̀ há díẹ̀. Mo sáré jáde. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà àfi oòrùn. Mo padà wọlé.

"Ṣé Nurat ti dé?"

"Ó wà lọ́nà, Màámi."

Irọ́ kọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá irọ́ tí ì bá sàn ju òótọ́ yẹn lọ.

Fèrè náà tún dún. Ó kọjá. Kò pẹ́, ó tún bọ̀. Màámi gbọ́ ọ, mo rí i lójú wọn. Wọ́n yí orí síta.

"Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un."

A ṣí i. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ojú wọn sì wà lọ́nà. Títí àwọn obìnrin mọ́sálásí fi wá wẹ̀ wọ́n, fèrè náà ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń kọjá, ó ń padà bọ̀.