Oògùn Inú Agolo Ìṣó

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yìí, ẹ máa kọ́kọ́ sín ná, nítorí eruku pákó kì í gbàṣẹ kó tó wọ imú ènìyàn. Agolo ìṣó mẹ́ta ló tò sórí pákó tó kàn mọ́ ògiri. Ìṣó wà nínú méjì. Oògùn HIV ni káfíńtà kó sínú ẹ̀kẹta, nítorí kò sí oníbàárà tó máa ń tú agolo ìṣó wò.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó bá ti gbá ilẹ̀ tán, á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á fi omi lé e. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ sí i, òun ló tiẹ̀ máa ń rán an létí. Oògùn yẹn ti ti kòkòrò náà mọ́lẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́. Ìyàwó kò kó o, oyún àkọ́kọ́ sì ti ń yọ lára rẹ̀. Inú káfíńtà ń dùn, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Lọ́jọ́ kan nílé ìwòsàn, ó jókòó ti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó ti gbé iṣẹ́ pẹpẹ ìwé fún un. Bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ, ìyá náà ní, "Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo fi gbé kòkòrò yìí kiri láìlo oògùn kankan. Sójà ara mi, agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà, ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n..."

Nọ́ọ̀sì pe káfíńtà, ó sì dìde. Wọ́n ní èsì tirẹ̀ náà dára, kòkòrò kò hàn. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Nídìí iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó méjì pọ̀, a óò fi irin dè é pinpin. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, a óò tú irin náà kúrò. Ẹni tó bá gbé àga fún oníbàárà pẹ̀lú irin lára, wọ́n á bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Káfíńtà wá sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn ni irin, ara òun sì ti gbẹ. Ó pa agolo dé, kò sì sọ fún ìyàwó; bó bá rán an létí, á ní òun ti lò ó.

Nígbà tó pé bí oṣù kan, tíṣà wá gbé pẹpẹ ìwé rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà wà níbẹ̀, ó ń nu bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

"Mọ̀mí, ẹ ṣeun o," káfíńtà wí. "Ọ̀rọ̀ yín ló là mí lójú. Èmi náà ti fi oògùn sílẹ̀."

Ọwọ́ ìyàwó dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà á gan-an.

"Ọ̀rọ̀ mi wo?" tíṣà bi í.

"Pé sójà ara àwọn kan ń dá kòkòrò náà lọ́wọ́ kọ́. Àyẹ̀wò kò rí i lára tèmi náà."

Tíṣà fa àpótí kan, ó jókòó. Kò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ kíláàsì kọ ìdáhùn fún láì tíì ka ìbéèrè.

"Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ọ́ wò, tí o kò tíì fẹnu kan oògùn, ṣé ó pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ?"

"Ó pọ̀, mà. Mo rù, ó ku egungun."

"Tèmi kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí oògùn. Irú wa kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tìrẹ, oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ara lo wá ń kí kú iṣẹ́."

Káfíńtà bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù àti irin. Ẹ̀rín fẹ́ pa tíṣà, ó gbé e mì.

"Gọ́ọ̀mù tìrẹ yìí kì í gbẹ, ọmọ mi. Kòkòrò náà sá pamọ́ sára ni. Bí o bá tú irin, pákó á ṣí. Ó lè ràn mọ́ ìyàwó rẹ, kó sì ti ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò ń kan bẹ́ẹ̀dì fún."

Ojú ti káfíńtà, àyà rẹ̀ sì já. Kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í lò ó, Mọ̀mí," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́.

Tíṣà ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ike oògùn kan jáde. Irú èyí tó wà nínú agolo ìṣó ni.

"Nọ́ọ̀sì pè ọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò tí mi ò yé lọ ṣe ló fi hàn pé ó ti ń rẹ sójà ara mi. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Mo sì bẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ó yá, ẹ wọ̀ ọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sílé ìwòsàn."

Wọ́n rí i pé kòkòrò ti tún gbérí lára káfíńtà. Dókítà dá a padà sórí oògùn. Ti ìyàwó ṣì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó padà wá fún àyẹ̀wò míì, kí ọkàn gbogbo wọn lè balẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí àyẹ̀wò kò bá rí kòkòrò HIV lẹ́jẹ̀ yín mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ń lo oògùn, ìròyìn ayọ̀ ni, oògùn ló sì mú un wá. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Òótọ́ ni pé ara àwọn kan ń ti kòkòrò náà mọ́lẹ̀ láìsí oògùn, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, dókítà ló lè mọ̀ wọ́n, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò, nítorí agbára yẹn lè rẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti já oògùn, ẹ má tijú, ẹ padà sílé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì máa lo kọ́ńdọ̀mù títí dókítà yóò fi ní ó tó. Bí ẹnìkan bá sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó gbọ́ ọ tán.