Ehoro Tí Kíákíá Fọ̀

Òòyà náà tún há. Kíákíá fà á, ehoro ta á nípàá, èékánná rẹ̀ sì fa ìlà pupa sí ọmọbìnrin náà lápá.

"Ìwọ Bàbá Onírun yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ehoro ká gúlútú sórí tábìlì ẹ̀yìnkùlé bí ìrọ̀rí tí inú ń bí. Irun òkè rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ apá àti lẹ́yìn etí, gbogbo rẹ̀ ti ta kókó.

Ìyá àgbà Kíákíá ló ń sin àwọn ehoro onírun gígùn sẹ́yìn ilé, ó sì ń fi irun wọn ran òwú. Nígbà tí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wá fún ìdánwò, Ìyá àgbà fi ehoro kan ta á lọ́rẹ.

"Máa ya irun rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tó bá tó àkókò, irun náà á máa tú fúnra rẹ̀. Wàá kó o, wàá ràn án, wàá fi hun fìlà. Má jẹ́ kí omi kàn án o!"

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀. "Onídìrí ehoro! Ṣé o ti ṣerun oníbàárà ẹ tán?" Ojú tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ wo fíìmù nírọ̀lẹ́. Bí Ìyá àgbà bá bi í, á ní, "Mo ti yà á, mà." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ehoro nìkan ló ń fọwọ́ pa kó tó sáré jáde.

Ìdánwò ti wá kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí. Kíákíá wo òòyà, ó wo ehoro. Bí irun tèmi bá ta kókó, ó rò ó, ṣebí omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo fi ń tú u? Ó po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú garawa, ó ki ehoro bọ̀ ọ́, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì bó o bí ẹni ń fọ ìbọ̀sẹ̀.

Bó ṣe ń bó o ni irun náà ń ki. Nígbà tó fi máa nù ún gbẹ, tòkè tìsàlẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó le bí ẹní. Ó ju òòyà mọ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà jáde. "Ta ló da omi sí i?"

"Ó já sínú garawa ni, mà."

Ìyá àgbà gbé ehoro súnmọ́ imú. "Ó já sínú garawa, ó wá fọwọ́ ara ẹ̀ wá ọṣẹ?"



Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé irun náà kúrò, díẹ̀díẹ̀, kó má baà kan awọ. Ehoro wá rí tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n. Ìyá àgbà fi súwẹ́tà àtijọ́ wé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, òwú pọ̀ nínú agbọ̀n yín. Olùkọ́ ò ní mọ̀."

"Olùkọ́ lè má mọ̀. Oníhòòhò yìí ńkọ́?"

Inú bí Kíákíá. Agbọ̀n náà wà ní yàrá láìní ìdérí, ọwọ́ sì ń yún un ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá ti na ọwọ́, á rántí ehoro tó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ ìdánwò, irun tó ti dì náà ló gbé lọ.

"Kí lèyí?" olùkọ́ béèrè.

"Irun ehoro tí mi ò yà, sà, tí mo wá fi ọṣẹ fọ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń pè é lọ wo fíìmù ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti parí iṣẹ́ tiwọn tipẹ́. Òdo ni olùkọ́ fún un. "O máa tún un ṣe ní sáà tó ń bọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kíákíá mú òòyà lọ sẹ́yìn ilé. Irun tuntun ò tíì gùn tó èékánná.

"Kí lo fẹ́ yà níbẹ̀?" Ìyá àgbà bi í.

"Èyí tó bá wà, mà."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́..."

"...ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko," ni Kíákíá fi parí rẹ̀. Ó ti fọwọ́ kan líle náà. Iṣẹ́ tí èèyàn bá kọ̀ láti ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí omi gbígbóná tó lè bá a ṣe é lọ́jọ́ kan.

Ó gbé Bàbá Onírun lé ẹsẹ̀, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí.